Ọmọ tí mò ń kọ́ ní chess fẹ́ pa e5 tì, ṣé kí n gbà fún un?

Bàbá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọmọ tí mò ń kọ́ ló mú dúdú nínú ìdíje òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n sì tètè nà án:

(K ni ọba, Q ayaba, R rúùkù, B bíṣọ́ọ̀bù, N ẹṣin; èyí tí kò ní lẹ́tà ńlá ni pọ́ọ̀nù; x ni jíjẹ, + ni kíkọlu ọba)

1.e4 e5 2.Nf3 Nc6 3.Bc4 Nf6 4.Ng5 d5 5.exd5 Nxd5 6.Nxf7 Kxf7 7.Qf3+ Kg8 8.Bxd5+ Qxd5 9.Qxd5+ Be6 10.Qxe6, ọba há.

Látìgbà náà ló ti ní òun ò fi e5 dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́, Caro-Kann, ìyẹn kí dúdú fi c6 dá e4 lóhùn, lòun fẹ́ kọ́. Ṣé ìbẹ̀rẹ̀ eré yìí ló burú ni?

Ìyá Olóyè: Ẹ má gbà fún un, sà. d5 tó ta yẹn dáa gan-an, òun ló dí ojú bíṣọ́ọ̀bù tó ń wo f7. Nxd5 ló ba nǹkan jẹ́. Síbẹ̀, eré ò tíì parí níbẹ̀. Nígbà tí ayaba bọ́ sí f3, Ke6 nìkan ló lè gba ẹṣin d5 là. Ọmọdé kì í fẹ́ gbé ọba lọ sáàárín, ló bá sá padà sí g8, ibẹ̀ gan-an nikú sì wà.

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn: Òótọ́ ni. 5...Na5 ni kẹ́ ẹ kọ́ ọ, kó lé bíṣọ́ọ̀bù. 6.Bb5+ c6 7.dxc6 bxc6. Pọ́ọ̀nù kan lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí bíṣọ́ọ̀bù bá padà sí e2, h6 á lé ẹṣin lọ sí f3, e4 á tún lé e. Inú mi máa ń dùn tí mo bá mú dúdú níbẹ̀.

Ọmọ Ìta: Traxler ńkọ́, ìyẹn kí dúdú pa f7 tì, kó gbógun ti funfun? 4...Bc5!

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn: Rárá, àbúrò. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á ta 5.Bxf7+, pọ́ọ̀nù dúdú lọ, castling (gbígbé ọba àti rúùkù pa pọ̀ kí ọba lè sá pamọ́) náà lọ. Ẹ má fìyẹn kọ́ ọmọ tẹ́rù ṣẹ̀ṣẹ̀ bà.

Ìyá Olóyè: Tó bá ṣì ń bẹ̀rù, kó ta 3...Bc5 dípò Nf6. Ayaba dúdú á máa ṣọ́ g5, ẹṣin ò ní lè débẹ̀.

Bàbá Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an. Na5 la máa kọ́kọ́ gbìyànjú. Ṣùgbọ́n tí funfun bá ta 8.Qf3 ńkọ́, tí bíṣọ́ọ̀bù ò sá?

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn: Rb8. Rúùkù ti kúrò lẹ́nu ayaba nìyẹn, c6 á wá lè jẹ bíṣọ́ọ̀bù b5.