Ṣé onídùúró lè yọwọ́ kí ẹjọ́ tó parí?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n fẹ̀sùn jìbìtì owó kan àbúrò ọkọ mi. Adájọ́ ti fún un ní béèlì, ó ti fi ìwé ìrìnnà sílẹ̀ ní kóòtù, onídùúró tó nílé ló kù. Èmi ni gbogbo ojú ń wò.

Kò jọ ẹni tó máa sá. Ẹjọ́ owó ló ń pẹ́ jù: ìwé báńkì rẹpẹtẹ, ìsúnsíwájú lórí ìsúnsíwájú, ìwé ilé mi á sì wà lọ́dọ̀ wọn. Mo bi agbẹjọ́rò rẹ̀ (òun ló ń ṣiṣẹ́ fún, kì í ṣe èmi). Ó ní tó bá sá, owó tí mo fọwọ́ sí lè di ti ìjọba.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè bẹ kóòtù pé kó tú mi sílẹ̀ láàárín ẹjọ́? Ẹ má bínú, ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú.