Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ lórí ìtàn àwọn ọba Maurya ilẹ̀ Íńdíà?

Tíṣà Ìtàn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń kọ́ ìtàn, a sì ní ẹgbẹ́ kékeré kan tó máa ń jókòó ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ bí ogún. Wọ́n ti gbọ́ ti Róòmù, wọ́n ti gbọ́ ti Íjíbítì, wọ́n wá ní ti Íńdíà ló kù. Mo mú ti ìdílé Maurya torí pé orúkọ Ashoka nìkan ni mo mọ̀ níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Owó ìwé kò pọ̀ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n mo ní dátà. Kí ni kí n kọ́kọ́ kà? Èwo ló ṣeé gbára lé, èwo sì ni àlọ́?

Àgbà Òǹkàwé
Tíṣà, ẹ kú làálàá. Ẹ má tíì ra ìwé kankan. Lẹ́nu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ún: ọ̀rọ̀ tí Ashoka fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n fín sára àpáta àti òpó òkúta ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ẹ lè ka gbogbo rẹ̀ tán ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mọ́ǹkì ẹlẹ́sìn Búdà kan, S. Dhammika, ṣe ní 1993 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ẹ má bàa sọnù sínú rẹ̀, ẹ mú èyí dání. Gbogbo ọdún tí mo bá dá, kí wọ́n tó bí Jésù ni, nítorí náà ṣe ni òǹkà ń rẹlẹ̀ bọ̀. Chandragupta gba ìjọba lọ́wọ́ ìdílé Nanda ní nǹkan bí 321. Pataliputra ni olú ìlú rẹ̀, létí odò Ganges, níbi tí Patna wà lónìí. Bindusara ọmọ rẹ̀ jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ashoka ọmọ Bindusara jẹ láti nǹkan bí 268 sí 232. Ní nǹkan bí 185, balógun kan tó ń jẹ́ Pushyamitra pa Brihadratha, ọba tó jẹ kẹ́yìn, níbi tí ọba ti ń wo àwọn ọmọ ogun rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yan kọjá. Ibẹ̀ ló parí sí.

Tí ẹ bá ṣí àwọn ọ̀rọ̀ náà, àpáta àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú àwọn tí wọ́n fín sára àpáta; bí wọ́n ṣe ń ka àwọn ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ilé ìdáná ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ dá lé. Ọba ní tẹ́lẹ̀ rí, ọ̀kẹ́ àìmọye ẹran ni wọ́n ń pa lójoojúmọ́ fún ọbẹ̀ nínú ilé ìdáná òun. Nígbà tí wọ́n ń fín ọ̀rọ̀ yẹn, ó ti ku mẹ́ta: ọ̀kín méjì, àgbọ̀nrín kan. Ó tún là á yé wọn pé àgbọ̀nrín yẹn gan-an, kì í ṣe ojoojúmọ́. Tó bá sì yá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà kò ní kú mọ́. Ẹ wo ọba tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lára òkúta láti Kandahar ní Afghanistan títí dé Karnataka ní gúúsù, tó ń ka iye ẹran inú ìkòkò rẹ̀ fún ará ìlú! Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti kọ́kọ́ kà á, ibẹ̀ ṣì máa ń dá mi dúró.

Akin Lọ́yà
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbàgbé ìwé Arthashastra. Tíṣà, tí àwọn ọmọ bá fẹ́ mọ bí ìjọba ṣe ń ṣiṣẹ́, ìwé yẹn ni. Kautilya ni wọ́n ní ó kọ ọ́, ẹni tí àwọn ará Íńdíà gbà pé òun náà ni Chanakya, agbani-nímọ̀ràn tó gbé Chandragupta dórí oyè. Ìwé náà ti sọnù fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kó tó di pé ẹnì kan gbé ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n kọ sórí ewé ọ̀pẹ wá fún R. Shamasastry, onímọ̀ ìwé kan ní Mysore ní Íńdíà, ní 1905. Owó orí wà níbẹ̀, òṣùwọ̀n ọjà wà níbẹ̀, owó ìtanràn wà níbẹ̀, amí tó ń múra bí ẹni tó fi ayé sílẹ̀ gba ìsìn wà níbẹ̀. Ó pín ọ̀sán ọba sí ọ̀nà mẹ́jọ, ó pín òru rẹ̀ sí mẹ́jọ, ó sì sọ iṣẹ́ tí ọba gbọ́dọ̀ ṣe nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ òfin, ojú mi là nígbà tí mo kà á.

Àgbà Òǹkàwé
Akin, ìwé ńlá ni, mi ò bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ti yẹ èdè àti àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀ wò, wọ́n sì gbà pé lẹ́yìn ìbí Jésù ni wọ́n tó kó o jọ bó ṣe wà yìí, ìdílé Maurya ti parun kó tó dìgbà náà. Tí Tíṣà bá wá sọ fún àwọn ọmọ pé "báyìí ni Chandragupta ṣe jọba", ó ti ṣì wọ́n lọ́nà. Kó sọ pé ìlànà tí ọlọgbọ́n kan kọ sílẹ̀ fún ọba ni. Bó ṣe yẹ kí ìjọba rí ló kọ, kò ní bó ṣe rí gan-an ni.

Akin Lọ́yà
Mo gbà bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun. Ti Megasthenes wá ńkọ́? Òun ṣáà fojú ara rẹ̀ rí wọn.

Àgbà Òǹkàwé
Òun ló yẹ kó tẹ̀ lé òkúta. Tíṣà, Seleucus, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun Alẹkisáńdà tó pín ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, gbógun wá bá Chandragupta. Nígbà tó yá wọ́n ṣàdéhùn: Seleucus fi ilẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀, Chandragupta fún un ní 500 erin. Erin wọ̀nyẹn wà lójú ogun Ipsus ní 301, níbi tí Seleucus ti bá ọ̀gágun Alẹkisáńdà mìíràn jà. Megasthenes ni ikọ̀ tí Seleucus rán sí Pataliputra. Ó ní igi ni wọ́n fi mọ odi ìlú náà, pé ó ní ẹnubodè 64 àti ilé ìṣọ́ 570. Ìwé rẹ̀ kò sí mọ́, àjákù rẹ̀ la ń rí nínú ìwé Strabo àti Arrian, àwọn òǹkọ̀wé Gíríìkì àtijọ́.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ẹ lè gbé fún àwọn ọmọ yẹn kí wọ́n fúnra wọn yanjú. Megasthenes ní kò sí ẹrú ní Íńdíà. Bẹ́ẹ̀, Ashoka, lórí àpáta kẹsàn-án àti ìkọkànlá, ń rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n máa hùwà tó dáa sí ẹrú àti ìránṣẹ́ wọn. Ẹ gbé méjèèjì síwájú wọn, kí ẹ sì dákẹ́.

Atọ́kùn Fíìmù
Ẹ má bínú, mo fẹ́ béèrè. Fíìmù Aśoka tí Shah Rukh Khan ṣe ní 2001 ńkọ́? Ibẹ̀ lèmi ti mọ̀ ọ́n. Ṣé kí Tíṣà fi han àwọn ọmọ?

Àgbà Òǹkàwé
Kó má fi ṣe ẹ̀kọ́. Ìtàn ìfẹ́ inú rẹ̀, wọ́n hun ún ni. Àmọ́ obìnrin tí ọba fẹ́ràn nínú fíìmù náà gbé ayé lóòótọ́ o. Òpó kan wà ní Allahabad tí Ashoka pàṣẹ lára rẹ̀ pé ẹ̀bùn yòówù tí olorì kejì bá ṣe, ìbáà ṣe oko máńgòrò, ìbáà ṣe ọgbà, ìbáà ṣe ilé ìtọrẹ àánú, orúkọ olorì yẹn ni kí wọ́n kọ ọ́ sí. Karuvaki, ìyá Tivala, ni wọ́n pè é. Gbólóhùn kan péré la mọ̀ nípa rẹ̀, ohun tó sì wà nínú gbólóhùn yẹn ni pé ohun tó bá fi tọrẹ, tirẹ̀ ni.

Àdùkẹ́ Ìlú Ọba
Ẹ káàsán o. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà. Ẹ̀là kan lára àwọn òpó Ashoka wà ní British Museum níbí, ọ̀rọ̀ òpó kẹfà ló wà lára rẹ̀. Ó kéré sí bí mo ṣe rò ó. Òkúta pẹlẹbẹ ni, àwọn lẹ́tà rẹ̀ jinlẹ̀, wọ́n sì tò gígùn bíi ti ọmọ tó mọ̀wé kọ. Brahmi ni wọ́n ń pe ọnà ìkọ̀wé náà. Lẹ́tà tó ń dún bíi "ka" dà bí àmì ìròpọ̀ inú ìṣirò. "Ga" dà bí òrùlé ilé tí kò ní ògiri. Mo dúró níbẹ̀ títí tí ọmọ mi fi ń fà mí láṣọ.

Ìmọ̀ràn tèmi, Tíṣà: ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn kọ lẹ́tà wọ̀nyẹn. Ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ni kò fi sí ẹni tó lè ka Brahmi mọ́. Ọba Firuz Shah Tughlaq tó gbé odidi òpó kan wá sí Delhi kò rí ẹni bá a kà á. Ọdún 1837 ni James Prinsep, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan, tó rí i tú. Ó rí i pé àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó wà lára òkúta ní Sanchi, lẹ́tà méjì kan náà ló ń parí ọ̀pọ̀ wọn. Ó rò ó pé ibi ìsìn ni, ẹ̀bùn ni àwọn èèyàn ń mú wá, á jẹ́ pé "ẹ̀bùn" ni wọ́n ń kọ. Dānaṃ. Bó ṣe rí lẹ́tà "da" àti "na" nìyẹn, tí ìyókù fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá máa gbádùn irú nǹkan báyìí.

Ìyá Onílé
Tíṣà béèrè èwo ni àlọ́, kò sì sẹ́ni tó pa á fún wọn. Ẹ jẹ́ kí n pa á. Wọ́n ní Chandragupta àti Chanakya ti kọ́kọ́ kọ lu olú ìlú tààrà, wọ́n sì nà wọ́n bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń sá kiri, wọ́n dé ilé ìyá arúgbó kan tó bu ẹ̀kọ gbígbóná fún àwọn ọmọ. Ọ̀kan ti ọwọ́ bọ àárín àwo, ó jó o, ó figbe ta. Ìyá ní, "Ìwọ ọmọ yìí gọ̀ bíi Chanakya! Ẹ̀bá àwo la ti ń jẹ ẹ̀kọ tó gbóná." Chanakya gbọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ìlú ẹ̀yìn odi ná, kí wọ́n tó yí padà sí Pataliputra. Àwọn ẹlẹ́sìn Jain ló ń sọ ọ́ báyìí. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé àlọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ pa á fún wọn. Bí wọ́n bá gbàgbé gbogbo ọdún yẹn, wọn ò ní gbàgbé ọwọ́ tó jó.

Tíṣà Ìtàn
Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun, ẹ̀mí yín á gùn. Àná ni mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ òkúta náà tán. Mo dé orí àpáta kẹtàlá, mi ò lè sùn. Ashoka ní nígbà tí òun pé ọdún mẹ́jọ lórí oyè, òun ṣẹ́gun ilẹ̀ Kalinga: 100,000 kú, wọ́n kó 150,000 lọ, àwọn tó tún kú lẹ́yìn náà pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ó dun òun. Mo wá ń rò ó: báwo ni ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí létí àwọn ará Kalinga fúnra wọn nígbà tí wọ́n kà á fún wọn?

Àgbà Òǹkàwé
Tíṣà, ìbéèrè yẹn ni kí ẹ fi ṣe ìdí ẹ̀kọ́ yín. Kò jọ pé wọ́n kà á fún wọn. Àpáta méjì tó wà ní Kalinga, ní Dhauli àti Jaugada ní Odisha òde òní, kò ní ọ̀rọ̀ kọkànlá, kejìlá àti kẹtàlá lára. Ọ̀rọ̀ méjì mìíràn ni wọ́n fi dípò wọn, tó ń bá àwọn ìjòyè ibẹ̀ wí. Ó ní, "Gbogbo èèyàn, ọmọ mi ni wọ́n." Ó ní kí wọ́n ṣọ́ra kí wọ́n má ti ẹnikẹ́ni mọ́lé tàbí fìyà jẹ ẹ́ láìnídìí. Wọ́n gbẹ́ iwájú erin sára òkúta tó wà lókè ọ̀rọ̀ náà ní Dhauli, ó wà níbẹ̀ títí dòní.

Kò dá ilẹ̀ Kalinga padà fún wọn o. Lórí àpáta kẹtàlá kan náà, ó kìlọ̀ fún àwọn ará inú igbó pé bó ti wù kí inú òun bàjẹ́ tó, agbára ṣì ń bẹ lọ́wọ́ òun. Mo nífẹ̀ẹ́ ọba yìí, èmi ò sì ní torí ìfẹ́ yẹn fo ibẹ̀ kọjá. Tí ẹ bá rí owó ìwé kan ṣoṣo, ti onímọ̀ ìtàn Romila Thapar ni kí ẹ rà, Aśoka and the Decline of the Mauryas, tó jáde ní 1961. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ọba wò láìbú u, láìkì í.

Tíṣà Ìtàn
Ó yé mi wàyí. Ilé ìdáná ni màá fi ṣí i, ẹ̀kọ gbígbóná máa tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà màá ka àpáta kẹtàlá sókè fún wọn, kí n tó ka ti Dhauli. Àǹtí Àdùkẹ́, ṣé ẹ lè bá mi ya àwòrán òkúta yẹn, kí lẹ́tà rẹ̀ hàn dáadáa?

Àdùkẹ́ Ìlú Ọba
Sátidé yìí ni màá dé ibẹ̀. Màá yà á súnmọ́, màá sì ya "ka" àti "ga" lọ́tọ̀ fún wọn.