Wọkí-tọkí wo ló máa dáa fún oko kòkó lọ́nà Ìdànrè?

Ọmọ Olóko, Àkúrẹ́: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Oko kòkó wa wà lọ́nà Ìdànrè, láàárín àwọn òkè. Téèyàn bá ti wọ abẹ́ kòkó báyìí, fóònù di tọ́ọ̀ṣì, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Èmi á wà níbi tá a ń sá kòkó sí, àbúrò mi á wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ká a, àwọn yòókù á wà létí odò. Ariwo la fi ń pe ara wa. Mo ti rí Baofeng UV-5R, mo rí BF-888S, mo tún rí àwọn kékeré aláwọ̀ mèremère tí wọ́n kọ 35 km sí lára páálí. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà náà ní òun lè fi tọ̀hún ránṣẹ́. Èwo ni kí n mú?

Atúnrédíòṣe Ọjà Ọba: Ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ gbàgbé kìlómítà ara páálí yẹn. Orí òkè sí orí òkè, tí nǹkan kan ò dí wọn lójú, nìyẹn. Nínú igbó, tẹ́ ẹ bá rí kìlómítà kan tó já gaara, ẹ dúpẹ́. Tí àpáta bá sì wà láàárín, wáàtì 5 ò sàn ju wáàtì 2 lọ.

888S ò ní ojú tó ń hàn, ìkànnì 16 péré ló ní, orí rẹ̀ lẹ ó ti máa yí i. Ẹni tí ò mọ̀wé á lò ó. UHF (ìgbì rédíò tó kúrú) nìkan ló ń gbà. UV-5R ń gba VHF (ìgbì tó gùn jù ú lọ) àti UHF, VHF ló sì máa ń la ewéko kọjá dáadáa jù. Wàhálà tiẹ̀ ni bọ́tìnì tó pọ̀. Òṣìṣẹ́ á ṣèèṣì tẹ ọ̀kan, kò ní gbọ́ yín mọ́. Ẹ di bọ́tìnì # mú pẹ́ díẹ̀, á tì í pa.

Ìyá Alásè, Ìjàpọ̀: 888S làwa ń lò lóde àríyá, láti ìdí iná dé inú gbọ̀ngàn. Kò já wa kulẹ̀ rí, àfi tí àwọn onílù bá gbéná dé. Ẹ ra gbohùn-sétí mọ́ ọn.

Ọmọ FUTA: Ẹ̀gbọ́n, ti Amẹ́ríkà yẹn, ìkànnì 22 tó wà lórí 462 àti 467 MHz, àwọn ni wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún ara wọn níbẹ̀. Ìyọ̀ǹda wọn ò dé ọ̀dọ̀ wa. NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ló ń pín ìgbì níbí, àwọn ni kẹ́ ẹ bi kẹ́ ẹ tó lò ó. Èyí kan Baofeng náà o.

Ọmọ Olóko: Ẹ ṣé gan-an. Èyí tó ń lo síìmù ńkọ́? Wọ́n ní èèyàn lè ti Àkúrẹ́ bá Oǹdó sọ̀rọ̀.

Atúnrédíòṣe Ọjà Ọba: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù náà ló ń gùn. Ibi tí fóònù yín kú sí, ibẹ̀ lòun náà á kú sí.

Bàbá Àgbà Òwenà: Ọmọ mi, ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí ìkànnì yín ń gbọ́ yín. Kódù tí wọ́n ń pè ní ti àṣírí yẹn ò fi nǹkan kan pa mọ́. Ìwọ lò ń dí létí, kì í ṣe olófòófó. Má sọ ọjọ́ tí owó kòkó ń bọ̀ lórí ẹ̀ o! Má sì há a sí ìbàdí wọ ọjà bí agbófinró. Jẹ́ kí baálẹ̀ àti àwọn Àmọ̀tẹ́kùn àdúgbò mọ̀ pé ẹ ní in.

Atúnrédíòṣe Ọjà Ọba: Ẹnu Bàbá ò ní gbẹ. Ẹ tún sọ fáwọn òṣìṣẹ́: kí wọ́n tẹ bọ́tìnì, kí wọ́n mí díẹ̀, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, "má wá" á di "wá". Kí wọ́n má sì tẹ̀ ẹ́ nígbà tí eríàlì ò sí lórí ẹ̀, ó lè jó.

Ọmọ Olóko: Ó ti yé mi. 888S ló dà bíi pé mo ń lọ sí. Àmọ́ òkè yẹn ń bà mí lẹ́rù.

Ìyá Alásè, Ìjàpọ̀: Ẹ wá yá méjì lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Tuesday, kẹ́ ẹ fi dán oko yín wò kẹ́ ẹ tó náwó. Ẹ sáà dá a padà kó tó di Friday, mo lóde.

Ọmọ Olóko: Ẹ ṣeun, màmá. Mo ń bọ̀ ní inbox yín.