Ilẹ̀ ajẹ́lẹ̀ ni, kì í ṣe aginjù: orúkọ tó yẹ Oklahoma kó tó di ìpínlẹ̀

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí la máa pe territory lédè wa, ìyẹn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí kò sì tíì di ìpínlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá "aginjù ìjọba". Ẹlòmíràn ní "agbègbè" ti tó. Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

"Agbègbè" ò lẹ́ṣẹ̀, ó kàn fẹjú jù ni. Àdúgbò jẹ́ agbègbè, ìjọba ìbílẹ̀ náà jẹ́ agbègbè. Ẹni tó ń pàṣẹ níbẹ̀ ló ya territory sọ́tọ̀. Òfin tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ilé aṣòfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ṣe lọ́dún 1787 fún ilẹ̀ tó wà ní àríwá odò Ohio ló fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀. Gómìnà kan, akọ̀wé kan àti adájọ́ mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ ń yàn ránṣẹ́ láti òkè. Bí àgbà ọkùnrin tó jẹ́ olómìnira bá pé 5,000, wọ́n lè dìbò yan aṣòfin tiwọn. Bí àwọn olómìnira tó ń gbé ibẹ̀ bá pé 60,000, ọ̀nà là fún wọn láti di ìpínlẹ̀. Kó tó dìgbà náà, aṣojú kan ṣoṣo ni wọ́n ní ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì: ó lè sọ̀rọ̀, kò lè dìbò.

Ẹni tí olú-ìlú rán wá ṣàkóso, tí àwọn ará ibẹ̀ kò fi ọwọ́ ara wọn yàn, a ti ní orúkọ fún un láti ìgbà Ọ̀yọ́. Ajẹ́lẹ̀ ni. Ìbàdàn náà rán ajẹ́lẹ̀ sí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, gbogbo wa la sì mọ ogun Kírìjí tó tìdí ẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1878. Nítorí náà, "ilẹ̀ ajẹ́lẹ̀" ni mo dábàá. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò ti mọ ibi tí àṣẹ ti ń wá.

Àbúrò wa kan ti ní ọ̀rọ̀ náà le jù, pé ajẹ́lẹ̀ ń jẹgàba, ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, nígbà tí àwọn gómìnà wọ̀nyí ń palẹ̀ mọ́ de ọjọ́ tí ilẹ̀ náà yóò bá àwọn ìpínlẹ̀ yòókù dọ́gba. Òótọ́ ni pé kò sí ẹni tó ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún Ìjẹ̀ṣà. Ṣùgbọ́n ẹ wo New Mexico. Ọdún 1850 ló di ilẹ̀ ajẹ́lẹ̀, kò di ìpínlẹ̀ títí di 1912. Ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ ti lè ní ọmọ-ọmọ kó tó láǹfààní láti dìbò yan ààrẹ. Orúkọ náà kò le ju ohun tó ń pè lọ.

Ọ̀rọ̀ "aginjù" ló dùn mí jù, pàápàá nígbà tí wọ́n fi pe Oklahoma. Lẹ́yìn òfin ìlénikúrò ti ọdún 1830, wọ́n lé àwọn Cherokee, Choctaw, Chickasaw, Creek àti Seminole, ẹ̀yà márùn-ún nínú àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Indian, kúrò nílẹ̀ bàbá wọn ní gúúsù ìlà-oòrùn, wọ́n sì kó wọn lọ síbẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kú. Àwọn tó dé ibẹ̀ láàyè kọ òfin ìpìlẹ̀ tiwọn, wọ́n dá ilé ẹjọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ní Tahlequah, olú-ìlú Cherokee, wọ́n ń tẹ ìwé ìròyìn jáde láti 1844, pẹ̀lú àmì ìkọ̀wé tí Sequoyah, ọmọ wọn, ṣẹ̀dá. Lọ́dún 1851 wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ gíga fún àwọn ọmọbìnrin. Wọ́n ní ẹrú aláwọ̀ dúdú pẹ̀lú, a ò gbọdọ̀ bo èyí mọ́lẹ̀. Àdéhùn 1866 ló fìdí òmìnira àwọn ẹrú náà múlẹ̀. Èwo wá ni aginjù níbẹ̀?

Ẹ sì kíyè sí i pé "ilẹ̀ ajẹ́lẹ̀" pàápàá kò bá ibẹ̀ mu. Gẹ̀ẹ́sì pè é ní Indian Territory, àmọ́ kò sí gómìnà kankan tí ààrẹ rán wá jọba lé e lórí. Olórí tiwọn ló ń darí wọn. "Ilẹ̀ Onílẹ̀" ni mo fẹ́ ká pè é. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ ilẹ̀ onílẹ̀ mọ̀ pé ẹni tó ń ya wọ ibẹ̀ kọ́ ló ni ín.

Wọ́n sì ya wọ ọ́. Ní agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1889, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tó ti tò sí ẹnu ààlà sáré wọ apá kan ilẹ̀ náà tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì ékà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àgọ́ ti kún Guthrie àti Oklahoma City. Ọdún kan ó lé kọjá láìsí gómìnà. Ní oṣù Karùn-ún 1890 ni òfin tó dá Oklahoma Territory sílẹ̀ jáde, Ààrẹ Benjamin Harrison sì mú George Washington Steele láti Indiana, ó rán an wá. Ajẹ́lẹ̀ gan-an nìyẹn. Láti ìgbà náà lọ, ilẹ̀ ajẹ́lẹ̀ wà lápá ìwọ̀-oòrùn, Ilẹ̀ Onílẹ̀ wà lápá ìlà-oòrùn. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe méjèèjì, òǹkàwé wa ò ní lóye ìdí tí àwọn onílẹ̀ fi pé jọ sí Muskogee lọ́dún 1905, tí wọ́n kọ òfin ìpìlẹ̀ fún ìpínlẹ̀ tiwọn, Sequoyah, tí àwọn olùdìbò wọn sì fọwọ́ sí i. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kò gbà. Wọ́n pa méjèèjì pọ̀, wọ́n di ìpínlẹ̀ Oklahoma ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 1907.

Ìdí nìyí tí mo fi lòdì sí "ìgbòmìnira" tí ẹnìkan fi túmọ̀ statehood. Òmìnira ta ni? Àwọn onílẹ̀ pàdánù ìjọba wọn. Ní ti àwọn aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n ti dá ìlú bíi Langston àti Boley sílẹ̀ níbẹ̀, òfin tí ilé aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ tuntun náà kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ni èyí tó yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. "Dídi ìpínlẹ̀" tó, kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá ní "Ilẹ̀ Onílẹ̀" ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́, kó rántí pé ní oṣù Keje 2020, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé ilẹ̀ tí wọ́n fi àdéhùn yà sọ́tọ̀ fún àwọn Creek ṣì jẹ́ tiwọn bó bá di ọ̀rọ̀ òfin ìwà ọ̀daràn.

Ó ku àwọn tí wọ́n ń pè ní Sooner, ìyẹn àwọn tó yọ́ wọlé lọ́dún 1889 kí agogo méjìlá tó lù. "Ayọ́wọlé" ni mo ní lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó jọ olè òru létí mi, bẹ́ẹ̀ Oklahoma ti fi Sooner ṣe oríkì ara rẹ̀ lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní èyí tó dára jù, kó gbé e wá.