«Ìdúróṣinṣin» kò tó: kí la ó pe ìwà ohun tí a tì tí kò ṣubú?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. A ti ń jíròrò ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó máa lò nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì fún ìwà ohun tí a bá tì tí kò ṣubú, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní «stability». Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ẹ ti dábàá: ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ìdúróṣinṣin àti ìdúró ṣánṣán. N kò fara mọ́ ìkankan nínú wọn.

Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ló yá láti yọ kúrò. Ẹni tí kì í ṣe àṣejù la fi ń yìn. Ẹ má gbé e fún àpótí. Ìdúróṣinṣin ti di ọ̀rọ̀ oníwàásù àti olóṣèlú, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ẹjọ́ tí mo ní sí i. Ó ń da nǹkan méjì pọ̀ ni. Ẹ mú pẹ́ńsù, kí ẹ gbé e nàró lórí ṣóńṣó rẹ̀. Bí gbogbo ìwúwo rẹ̀ bá bọ́ sórí ṣóńṣó yẹn gẹ́lẹ́, kò sí ohun tó ń fà á sí ọ̀tún ju òsì lọ. Ó dọ́gba. Síbẹ̀, èémí lásán tó ó bì ṣubú. Ìdọ́gba wà níbẹ̀, àbò kò sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè gbé méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá ìdúró ṣánṣán, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo ilé gogoro Pisa ní Ítálì. Kí wọ́n tó tún un ṣe láàárín 1990 sí 2001, ó ti dagun tó dígíríì 5.5, nǹkan bíi 4 ni wọ́n dá a padà sí. Kò tíì ṣánṣán di òní, kò sì wó. Bí a bá ta okùn láti ojú ìwúwo rẹ̀, ìyẹn ojú kan tí a lè kà sí ibi tí gbogbo ìwúwo rẹ̀ kó jọ sí, wálẹ̀ tààrà, inú ìdí rẹ̀ náà ni okùn yóò bọ́ sí. Ilẹ̀ rírọ̀ abẹ́ rẹ̀ ló ba àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lẹ́rù nígbà náà, kì í ṣe dídagun nìkan.

Èrò tèmi ni pé kí a fi ìdọ́gba sílẹ̀ fún ti pẹ́ńsù, kí a sì mú ìfìdímúlẹ̀ fún èkejì. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Ẹ ti nǹkan náà díẹ̀: ṣé ojú ìwúwo rẹ̀ gòkè ni àbí ó lọ sílẹ̀? Bó bá gòkè, yóò padà sáyè rẹ̀. Ó fìdí múlẹ̀ nìyẹn. Bó bá lọ sílẹ̀, ó ń lọ nìyẹn. Mú ohun tó rí bí òkòtó, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Lórí ìdí, ó fìdí múlẹ̀. Lórí ṣóńṣó, ó dúró gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá dá a dùbúlẹ̀, yóò máa yí, ibi tó bá sì yí dé náà ni yóò wà, nítorí ojú ìwúwo rẹ̀ kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ pè ní ìdúró aláìlójúkan. Ó gùn, mo mọ̀.

Ẹnì kan ti ní ìfìdímúlẹ̀ yóò ṣi àwọn ọmọ lọ́nà, pé wọn yóò rò pé dandan ni kí ìdí fẹ̀. Ìbéèrè gidi ni. Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní Gömböc, tí Gábor Domokos àti Péter Várkonyi, ará Hungary, ṣe ní 2006, lẹ́yìn tí Vladimir Arnold, onímọ̀ ìṣirò ará Rọ́ṣíà, ti sọ ní 1995 pé irú rẹ̀ lè wà. Wọn kò fi òjé sínú rẹ̀, kò sì sí ibi tó jìn wọnú lára rẹ̀. Bó ti wù kí ẹ jù ú sílẹ̀, yóò mì lọ mì bọ̀ títí yóò fi jókòó síbi kan ṣoṣo tó ń fìdí múlẹ̀ sí. Ibi mìíràn kan ṣoṣo ló sì ti lè dúró gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́. Ìdí rẹ̀ kò fẹ̀ rárá, ìrísí rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n «fìdí múlẹ̀» la wí, a kò wí pé «ìdí fẹ̀».

Ààrò mẹ́ta tí kì í da ọbẹ̀ nù, tí ẹnì kan fi gbè ìdúróṣinṣin, ọ̀rọ̀ mímì ló ń sọ. Ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í mì lórí ilẹ̀ gbágungbàgun, torí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò kanlẹ̀ dandan. Àmọ́ ó yá láti tì ṣubú ju ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ẹsẹ̀ wọn jìnnà sí àárín bákan náà.

Ó ku «àárín ìwúwo» tí ọ̀pọ̀ yín ti ń lò. Ojú ìwúwo tẹ́ mi lọ́rùn jù ú lọ. Ti òòlù kò sí láàárín rẹ̀, ẹ̀bá orí irin ló wà; ọmọ tó bá gbọ́ àárín, ìdajì èèkù ni yóò ti máa wá a. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó ju ojú lọ kó mú un wá, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fi òòlù dán an wò.