Bátìrì ti kú, inú búùtù ló wà, búùtù ò sì ṣí

Adùkẹ́ Aláṣọ
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ gbà mí. Mo gbé mọ́tò kalẹ̀ lọ tọ́jú ìyá mi nílé, nígbà tí mo fi máa dé, bátìrì ti kú pátápátá. Mo tẹ rìmóòtù títí, kò dáhùn. BMW tòkunbọ̀ ni, ti 2008. Inú búùtù gan-an ni bátìrì wà, mi ò sì rí ojú kọ́kọ́rọ́ kankan lára búùtù ọ̀hún. Aṣọ òfì oníbàárà wà nínú rẹ̀, Sátidé ni wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́. Ọmọ kan ládùúgbò ní òun á fi irin hú u. Ṣé kí n gbà fún un?

Ríwáyà Mọ́kọ́lá
Ẹ má gbà fún un o! Owó pánẹ́ẹ̀bítà àti ti ọ̀dà tí ẹ máa san lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ò ní lè kà á tán. Ṣé ẹ ti wọ inú mọ́tò àbí ìta lẹ ṣì wà?

Adùkẹ́ Aláṣọ
Ìta ni o. Gbogbo ilẹ̀kùn ló tì.

Ríwáyà Mọ́kọ́lá
Inú rìmóòtù yẹn ni kọ́kọ́rọ́ fara pamọ́ sí. Ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa, ibì kan wà tí ẹ máa tẹ̀, kọ́kọ́rọ́ irin á yọ. Ẹ fi ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà. (Mọ́tò míì wà tí ike kékeré ń bo ojú kọ́kọ́rọ́ ara ilẹ̀kùn, ẹ kàn máa rọra ṣí ike náà ni.) Tí ẹ bá wọlé, ẹ fa ohun tí wọ́n fi ń ṣí bónẹ́ẹ̀tì lẹ́bàá ẹsẹ̀ dírẹ́bà. Wáyà ló ń fa ìyẹn, kò bá iná ṣe.

Ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù
Kí ló fẹ́ fi bónẹ́ẹ̀tì ṣe nígbà tí bátìrì wà lẹ́yìn? Àbúrò, tẹ ìjókòó ẹ̀yìn sílẹ̀, kí ọmọdé kan rá wọlé lọ ṣí i látinú.

Ríwáyà Mọ́kọ́lá
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Kì í ṣe gbogbo mọ́tò ni ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀. Àwọn tó sì ń tẹ̀ náà, ti òmíràn, inú búùtù ni ohun tí wọ́n fi ń tú u wà. Ṣé ẹ rí wàhálà yẹn? Bónẹ́ẹ̀tì ni mo ní kí wọ́n ṣí torí pé àwọn tó ṣe mọ́tò yìí mọ̀ pé irú ọjọ́ báyìí ń bọ̀, wọ́n ti fa iná wá síwájú. Ẹ máa rí ìdérí pupa tó ní àmì +. Ẹ ṣí i, ẹ fi wáyà pupa há ibẹ̀, ẹ fi orí kejì rẹ̀ há + bátìrì tó dáa. Ẹ wá fi dúdú há – bátìrì tó dáa. Orí dúdú tó kù, irin tí kò ní ọ̀dà lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì yín ni kó lọ, òun lẹ máa há kẹ́yìn. Ẹ dúró díẹ̀, kẹ́ ẹ tó tẹ rìmóòtù.

Ọmọ Ìbàdàn ní Houston
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọmọdé ránṣẹ́ sínú búùtù. Ọmọ 11 ló há sínú búùtù tí wọ́n sì kú ní Amẹ́ríkà níbí ní 1998, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìjọba fi dandan lé e pé láti oṣù kẹsàn-án 2001, ohun ìfà tó ń tàn nínú òkùnkùn gbọ́dọ̀ wà nínú búùtù mọ́tò tuntun tí wọ́n bá ń tà ní Amẹ́ríkà. Tó bá jẹ́ ibí ni tiyín ti wá, tí ìjókòó sì tẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ na ọwọ́ yín fúnra yín, ẹ fà á. Tó bá jẹ́ Yúróòpù ló ti wá, ó lè má ní in.

Ìyá Ìbejì
Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé bátìrì tírélà wá ràn yín lọ́wọ́ o. Iná fóòtì (volt) 24 ni tírélà ń lò, 12 ni ti ẹ̀yin. Kọ̀ǹpútà mọ́tò yẹn á jóná, ẹ̀kún ló kù.

Adùkẹ́ Aláṣọ
Ó ti ṣí o! Kọ́kọ́rọ́ wà nínú rìmóòtù lóòótọ́, láti ọjọ́ tí mo ti ra mọ́tò yìí! Ìjókòó ò tẹ̀ ní tèmi, àmọ́ mo rí ìdérí pupa, Camry aládùúgbò la fi fún un níná. Aṣọ ti jáde. Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé kí n ra bátìrì tuntun?

Ríwáyà Mọ́kọ́lá
Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi mítà wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó náwó. Tó bá kún, bíi fóòtì 12.6 ló yẹ kó wà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá chaajì í tí kò gbà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń forúkọ bátìrì tuntun sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà BMW. Tí wọ́n bá yọ ti àtijọ́ kúrò, ẹ má tilẹ̀kùn búùtù o, ẹ fi aṣọ há a lẹ́nu títí wọ́n á fi de tuntun mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù
Òfì kọ́ ni kó o fi há a o.