Nígbà tí a jáde girama, tí a lọ kọ́ṣẹ́: ìrírí wa l'Ékìtì

Ríwáyà, Adó-Èkìtì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó jáde girama tí wọ́n fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ọdún 2009 ni mo jáde. Mo ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mejì, kò bọ́ sí i. Ẹ mọ Èkìtì wa: ilé tí kò bá ní ọ̀jọ̀gbọ́n, á ní ẹni tó ń lé e. Tí ọmọ bá ní iṣẹ́ ọwọ́ lòun fẹ́ kọ́, ńṣe ni wọ́n máa ń wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Tíṣà ni bàbá mi. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún wọn pé ríwáyà, ẹni tó ń tún iná mọ́tò ṣe, ni mo fẹ́ dà, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá mi ló mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ibẹ̀ ni mo ti fi ọdún méjì ṣòfò. Wọn ò kọ ìwé kankan. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ wa ni, a ó mójú tó o." Mo ń pọn omi, mo ń fọ mọ́tò, mo ń lọ mú àwọn ọmọ ọ̀gá nílé ìwé, mo bá wọn kọ ebè lóko. Tí oníbàárà bá gbé mọ́tò dé, tí ọ̀gá bá ti fẹ́ tú ibi tí iṣẹ́ gan-an wà, wọ́n á ní kí n lọ ra búrẹ́dì wá. Kí n tó dé, wọ́n ti dé bọ́nẹ́ẹ̀tì padà. N kò sọ pé kí ọmọ iṣẹ́ má jíṣẹ́ nílé ọ̀gá o. Gbogbo wa la jẹ́ ẹ, kò pa wá. Ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ ilé gba gbogbo ọjọ́ mọ́ iṣẹ́ tí ìyá ọmọ torí rẹ̀ mú un wá lọ́wọ́, ìrẹ́jẹ ni, ó ṣì ń dùn mí dòní.

Ọ̀nà Ìkéré ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi kejì wà. Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀ ni wọ́n mú ìwé àdéhùn jáde. Wọ́n kọ orúkọ mi, orúkọ bàbá mi, ti oníduró, ọdún tí màá lò, iye tí a máa san, àti ohun tí wọ́n máa kọ́ mi. Lọ́dọ̀ wa, bí òbí bá lówó láti san, ọdún á dín. Bí kò bá sí owó, ọmọ á fi ọdún dí i. Ọdún mẹ́ta ni tèmi. Bàbá mi wọ ṣòkòtò ilé ìwé wọn wá, wọ́n ka ìwé náà láti òkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń máàkì iṣẹ́ ọmọ kíláàsì, wọ́n wá fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti tún ń béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Kí lẹ ṣe lónìí?"

Ọjọ́ kan wà tí n kò lè gbàgbé. Camry kan dé, bátìrì rẹ̀ máa ń kú mọ́jú. Ẹni tó ni ín ti pààrọ̀ bátìrì lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní, "Ìwọ lo máa ṣe é. Èmi ò ní lanu." Mo pa mọ́tò, mo ti gbogbo ilẹ̀kùn, mo tú wáyà kúrò ní orí nẹ́gátíìfù bátìrì, mo wá fi gílóòbù kékeré sáàárín wáyà yẹn àti bátìrì. Gílóòbù tàn. Ìyẹn ni pé nǹkan kan ṣì ń mu iná nígbà tó yẹ kí gbogbo mọ́tò máa sùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fíúùsì lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú mi ò kúrò lára gílóòbù. Mo yọ mẹ́fà, ó ṣì ń tàn. Mo yọ ìkeje, ó kú pii. Fíúùsì rédíò ni! Ẹnì kan ti ki rédíò tuntun bọ inú mọ́tò náà, ó sì so wáyà rẹ̀ mọ́ ibi tí iná kì í ti í kú, kódà tí a bá pa mọ́tò. Mo wẹ̀yìn, ọ̀gá mi ti dìde, ẹ̀rín kún ẹnu wọn. Wọ́n ní kí n lọ gbowó lọ́wọ́ oníbàárà fúnra mi. Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, n kò fi ọdún méjì rí irú ọjọ́ kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo gba òmìnira, mo lọ ṣe Trade Test ti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ìpele 3 lèèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, ìpele 1 ló ga jù. Ìwé yẹn ló jẹ́ kí iléeṣẹ́ kan gbà mí láti máa tọ́jú ọkọ̀ wọn. Wọn ò tẹ́wọ́ gba ìwé òmìnira nìkan. Àwọn tí kò lówó ìkọ́ṣẹ́, ẹ tún béèrè ní ọ́fíìsì NDE (National Directorate of Employment), àjọ tó ń rí sí ìpèsè iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1986. Wọ́n ní ètò tí wọ́n fi ń mú ọmọ sọ́dọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́.

Télọ̀, Ìkéré-Èkìtì

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀gá rere ni mo bá pàdé ní tèmi, ìtìjú ni mo bá jà. Fún oṣù méjì, ọ̀gá mi ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan aṣọ. Wọ́n yọ òwú lára ẹ̀rọ, wọ́n fa ìlà sórí bébà ìwé ìròyìn, wọ́n ní kí n máa fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ kí abẹ́rẹ́ máa gun orí ìlà náà lọ. Àwọn tí a jọ ṣe WAEC ń kọjá lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, èmi ń rán ìwé ìròyìn. Mo máa ń tẹrí ba sẹ́yìn ẹ̀rọ kí wọ́n má bàa rí mi.

Lọ́dún kejì, mo gé lésì ìyá kan, ọjọ́ Sátidé ni ìgbéyàwó ọmọ wọn. N kò jẹ́ kí aṣọ kọjú síra kí n tó gé e, ni apá méjèèjì bá di ti òsì. Ara mi tutù. Ọ̀gá mi gbé e wò, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n wọ mọ́tò lọ sí Ọjà Ọba l'Ádó, wọ́n ra èyí tó bá a mu, a sì rán an di aago méjì òru. Dòní olónìí, ìyá ìyàwó yẹn ò mọ̀ pé èmi ni. Títí di ìsinsìnyí, kí n tó gé apá, mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ "ọ̀tún" sí ọ̀kan, "òsì" sí èkejì.

Lọ́jọ́ òmìnira mi, nígbà tí mo kúnlẹ̀ tí wọ́n fi téèpù kọ́ mi lọ́rùn, tí wọ́n fi álùmọ́gàjí lé mi lọ́wọ́, méjì nínú àwọn tí mo ń sá pamọ́ fún ló dúró tì mí pẹ̀lú aṣọ tí mo rán fún wọn.

Káfíńtà, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un fún àwọn tó ń rò pé ẹni tí kò mọ̀wé ló ń kọ́ṣẹ́. Láti 1947 sí 1954, ìjọ Àgùdà ní ilé iṣẹ́ ọnà kan níbí ní Ọ̀yẹ́, Fadá Kevin Carroll ló ń mójú tó o. Lámídì Fákẹ́yẹ, agbẹ́gilére tí òkìkí rẹ̀ kàn, wá síbẹ̀ láti Ìlá-Ọ̀ràngún. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá rẹ̀, ó ti mọ igi gbẹ́ láti ilé. Síbẹ̀ ó jókòó, ó tún iṣẹ́ kọ́ lábẹ́ Bándélé ọmọ Àreògún. Òun náà ló padà di olùkọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ mi báyìí tó jáde lọ́dún tó kọjá. Inú máa ń bí i tí mo bá ní kó tún igi kan náà fági. Mo ní kó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, kó dijú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí n tó lanu, òun fúnra rẹ̀ ló da igi dúró, ó dijú, ó ra á, ó ní, "Bàbá, ó ṣì ku díẹ̀ níbí." Inú mi dùn dọ́ba.

Mọ́ńdè ló máa kan àpótí àkọ́kọ́ tirẹ̀. Mo ti fi ìrókò díẹ̀ pamọ́ fún un. Ìyá rẹ̀ ti ránṣẹ́ sí mi pé kí n má tà á fún ẹnikẹ́ni, òun lòun máa kọ́kọ́ jókòó lé e.